Ẹgbẹ̀rún Mẹ́fà Ìṣísẹ̀

"Ta ló ṣẹ̀ yín, Bàbá Rasheedah? Ẹ ṣáà dárúkọ ẹni náà, kí n lọ pè é wá kó wá bẹ̀ yín."

Ládánì Sàhéèdì, ẹni tó ń pe ìrun ní mọ́sáláṣí àdúgbò, ló ń sọ̀rọ̀. Orí àga oníbàárà ló jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀bù Mùtàlíbù télọ̀, lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀fadà ní Mówè. Ìyá Àdínì Wòsílátù, olórí àwọn obìnrin mọ́sáláṣí, jókòó tì í. Lẹ́mọ́ọ̀mù ló rán àwọn méjèèjì wá bẹ̀bẹ̀.

"Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí," ni Mùtàlíbù dáhùn. Ó tẹjú mọ́ ṣòkòtò tó ń rán bí ẹni pé ṣòkòtò náà ló bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ gbọ́ o!" ni Ìyá Àdínì wí. "Ọjọ́ mọ́kàndínlógún rèé, bàbá. Ládánì á pe ìrun tán, ẹ̀yin á jáde ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ó gba iwájú wa kọjá, ó di mọ́sáláṣí ìdí gáréèjì! Ìṣojú gbogbo wa lẹ ti ń ṣe é."

Òótọ́ ni. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí àdúgbò kò ju ìṣísẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n lọ. Fóònù Mùtàlíbù ló kà á, fóònù yẹn gan-an ló sì kó o sí wàhálà.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn ni nọ́ọ̀sì kan ní Ìbàfò yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tó ní ìtọ̀ ṣúgà ni. Ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì, tí kò fi lè ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ibẹ̀ ló ti wá. Rasheedah, ọmọ rẹ̀, wá gbé áàpù kan sórí fóònù rẹ̀. Áàpù náà ń ka ìṣísẹ̀, ó sì ń fi iye ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí Mùtàlíbù bá wọ̀n láràárọ̀ ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní kó máa rin ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ìṣísẹ̀ lójúmọ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Mùtàlíbù ń rin ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá lójúmọ́ láìdìde lórí ìjókòó. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ìrẹsì Ọ̀fadà àwo méjì ṣe ara rẹ̀ lálejò. Àṣé inú àpò ṣòkòtò ni fóònù wà, ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ máṣíìnì ìránṣọ ló ń kà! Ṣúgà ò kúrò níbi tó wà. Rasheedah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Dádì mi, ẹ ti jókòó rìn dé Ifọ̀!"

Láti ìgbà náà, orí tábìlì ni fóònù ń gbé bó bá ń ránṣọ. Ó wá ń wá ibi tó lè máa rìn lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í ní nǹkan kan, ló bá rántí ìdí gáréèjì. Ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ní àlọ, iye kan náà ní àbọ̀. Bó bá lọ kírun Àílà àti Alásárì níbẹ̀, iṣẹ́ parí. Ojú ń tì í láti sọ fún èèyàn. Òun tí ẹ̀fọ́rí lásán kò ṣe rí! Wọ́n á wá máa yọjú wo àwo rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ.

"Ogún ọdún lèjìká wa ti ń kan ara wọn ní ìlà àkọ́kọ́," ni Ládánì wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹni tó ń dúró síbẹ̀ báyìí ń húkọ́. Bí ẹ ò bá fẹ́ bá wa kírun mọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Kó tó dáhùn, fóònù ké lórí tábìlì: "Dádì, ó ti tó! Ẹ dìde, ẹ máa lọ!"

Ìyá Àdínì fò dìde. "Ta ló ń lé wa?"

Rasheedah ló fi ohùn rẹ̀ sí i kó máa rán bàbá rẹ̀ létí ìrìn. Mùtàlíbù lè purọ́. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rí i pé bí òun bá purọ́ lónìí, òun ti pàdánù ọkùnrin yìí nìyẹn.

"Ìtọ̀ ṣúgà ló ń ṣe mí," ló wí. "Èmi ni wọ́n ń lé, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìrìn ni mò ń rìn." Ó ṣí fóònù fún wọn. "Ẹ wò ó, ṣúgà náà ti ń wálẹ̀. Òwú tó wà lójú abẹ́rẹ́ yìí, èmi fúnra mi ni mo ki í bọ ibẹ̀ lónìí."

Ládánì ò tilẹ̀ wo fóònù. "Kì í ṣe torí ohùn mi?"

"Ohùn yín kẹ̀?"

"Mo rò pé ohùn mi ló ti sú yín. Àárọ̀ àárọ̀ ni mò ń lá oyin kó lè já gaara."

Ìyá Àdínì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ládánì, ẹ rọra o, kí ẹ̀yin náà má baà gba áàpù!" Ó nu ojú rẹ̀. "Ṣé fóònù yìí ní ibi tó fẹ́ kẹ́ ẹ máa rìn lọ ni?"

"Rárá, ẹsẹ̀ nìkan ló ń kà."

"Ẹ kírun lọ́dọ̀ wa, kẹ́ ẹ wá rìn lẹ́yìn ìrun. Ṣé ìyẹn náà le?"

Mùtàlíbù gbé fóònù padà sórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ tó ti fi ọjọ́ mọ́kàndínlógún gbé pamọ́, obìnrin yìí ti yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan.

Lọ́jọ́ kejì, ó rin ìṣísẹ̀ méjìlélọ́gbọ̀n lọ kírun Alásárì. Ẹni tó ń húkọ́ sún fún un. Nígbà tó jáde, Ládánì ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, ó wọ bàtà kánfáàsì funfun sábẹ́ jàlàbíà.

"Ẹ fi fóònù yẹn sí àpò mi, kó ka tèmi náà."

"Rárá o, nọ́ọ̀sì ń wò ó. Ẹ máa fẹnu ka tiyín."

Bí wọ́n ti yọ sójú ọ̀nà Ọ̀fadà, Ládánì bẹ̀rẹ̀ sí kà á sókè, "Ení, èjì, ẹ̀ta," tí àwọn ọlọ́kadà fi ń yíjú wò wọ́n. Mùtàlíbù ń rẹ́rìn-ín lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohùn náà já gaara.