Irùngbọ̀n Ọ̀fọ̀

Lábúlé wa lórí òkè ní erékùṣù Kírétè, ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ bá kú kì í fá irùngbọ̀n. Láti ìgbà tí a ti sin Garifalia, aya mi, n kò fi abẹ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí irùngbọ̀n náà bá ṣì wà níbẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé Garifalia kò tíì lọ jìnnà.

Nígbà ọdún Àjíǹde ni Argyro, ọmọ wa obìnrin, gbé ọmọ rẹ̀ tuntun wá láti ìlú. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló sọ ọ́, Garifalia. Ẹni tó ni orúkọ kò rí i. Mo gbà á, mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan tirẹ̀. Ọmọ figbe ta.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ojú rẹ̀!"

Mo wò ó dáadáa. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì pọ́n, ó sú, awọ ibẹ̀ sì sán bí ilẹ̀ tí ọ̀dá mú.

Màmá Stamata, aládùúgbò wa, ti gbé ìgò òróró ólífì dé. "Òróró yìí ni mo fi pa gbogbo yín lára. Èwo nínú yín lawọ rẹ̀ bó sílẹ̀?"

"Màmá, dókítà ní ńṣe ló ń dá kún un. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́, kó má pẹ́ nínú rẹ̀, ìpara tí kò lóòórùn kí ara tó gbẹ tán, aṣọ òwú. Nǹkan tó bá le ò gbọdọ̀ kan ojú rẹ̀."

"Dókítà! Ọmọ àná!" Ó yíjú sí mi. "Bàbá Argyro, wọ́n ti sọ ọ́ di òbúkọ o. Má sún mọ́ ọmọ mọ́."

Argyro kò rẹ́rìn-ín. Kò sì ní kí n fá a.

Ó ń wẹ ọmọ, ó ń fi ìpara pa á, ojú náà sì ń rọ̀. Èmi ń gbé e jìnnà sí àyà, bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ gbígbóná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lójú oorun, ó ká ètè gẹ́gẹ́ bí ìyá-ìyá rẹ̀ ti máa ń ká a. Mo gbàgbé ara mi, mo fẹnu kò ó lẹ́rẹ̀kẹ́. Kó tó jí, ibẹ̀ ti tún pọ́n.

Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo pọ́n abẹ.

"Bàbá, kí làwọn èèyàn máa sọ nílé kọfí?"

"Kí wọ́n sọ ọ́."

"Ẹ má fi nǹkan olóòórùn pa ojú yín o."

"Mo ti gbọ́."

Mo fá irùngbọ̀n náà tán, omi lásán ni mo fi ṣan ojú. Argyro gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́. Mo fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kan tirẹ̀, kò sunkún. Mo wà bẹ́ẹ̀, mo sì ń retí, bí òmùgọ̀, kí ìyá Argyro ké láti inú ilé, bó ti máa ń ṣe, pé mo tún ti fo abẹ́ àgbọ̀n.