Ìka Tí Omi Ọṣẹ Jẹ

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gba aṣọ fọ̀. Aṣọ tó ti fọ̀ láyé ẹ̀, tí wọ́n bá sá gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, oòrùn ò ní rí ilẹ̀ mọ́.

Gọ́tà ẹ̀yìn ilé wa ni ọ̀tá ẹ̀. Tójò bá ti rọ̀, omi á ya wọ yàrá tó ń kó aṣọ oníbàárà sí. Kánsẹ́lọ̀ wá wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní òun ò rí gọ́tà kankan. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ò dìbò rí, wá búra pé lọ́dún yìí òun máa dìbò fún ẹni tójú ẹ̀ ríran.

Lọ́jọ́ Ajé, a lọ forúkọ sílẹ̀. Ìlà gùn débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn hewú kó tó kàn án. Wọ́n kọ orúkọ wa, ọjọ́ ìbí àti àdúgbò, wọ́n ya fọ́tò, ó wá ku ìka títẹ̀. Tèmi yá kíá. Ti ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ tan iná pupa. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, pupa!

Ọmọbìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ yẹ ọwọ́ ẹ̀ wò. "Mà, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe?"

"Aṣọ ni mò ń fọ̀."

"Ọṣẹ ti jẹ ilà ìka yín, mà. Ẹ̀rọ ò rí nǹkan kà."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ẹ ti fọ ara yín nù! Ẹ máa jalè lọ, ọlọ́pàá kankan ò lè mọ̀!"

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Mo wá rí omi lójú ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rín mi sá wọlé bí ìgbín tó fojú kan iyọ̀.

"Ṣé èmi ò wá sí nínú àwọn èèyàn ni?" Ó bi ọmọbìnrin yẹn jẹ́jẹ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ n tẹ ìka tèmi fún wọn."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀wọ̀n nìyẹn o." Mo kó ìka mi bọ àpò. Ó yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Ó máa ń hù padà, mà. Ẹ má fọwọ́ kan omi ọṣẹ, ẹ máa fi ìpara pa á. Ọjọ́ Ẹtì la máa parí, ẹ padà wá."

Ta ló wá máa fọṣọ? Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. "Ìwọ tó o rẹ́rìn-ín."

Èmi tí mò ń lẹ táyà! Èmi tí síńgílẹ́ẹ̀tì mi dọ̀tí débi pé ó lè dá rìn lọ síbi iṣẹ́! Ó jókòó sórí àpótí, ó na ọwọ́ tó kún fún ìpara sókè bí ẹni tí wọ́n mú, ó ń pàṣẹ: "Ọrùn ẹ̀wù yẹn, ọ̀lẹ! Ọrùn ẹ̀wù ni ẹ̀gbin ń gbé!" Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ẹ̀yìn mi ń ké bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó.

Lọ́jọ́bọ̀, mo da gèlè pupa kan mọ́ ẹ̀wù funfun mẹ́fà ti ọ̀gá ilé ìwé àdúgbò wa. Ẹ̀gbọ́n mi figbe ta, ó fò dìde, ó fẹ́ ki ọwọ́ bọ omi. Mo di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì mú.

"Fi mí sílẹ̀! Oníbàárà ọdún mẹ́wàá nìyẹn!"

"Ẹ jẹ́ kó bàjẹ́! Èmi ni màá lọ bẹ̀ ẹ́."

Ó jà títí, ó wá rọra jókòó padà, ó ń mí gúlegúle.

Ọ̀gá ilé ìwé wo ẹ̀wù ẹ̀ tó ti pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tuntun. Mo ròyìn gbogbo ẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Sọ fún un kó má fọwọ́ bọ omi o. Gọ́tà yẹn ń wọ ilé tèmi náà."

Lọ́jọ́ Ẹtì, ìka ọ̀tún, pupa. Àtàǹpàkò òsì, iná yí padà di àwọ̀ ewé! Igbe tí mo ké, táyà mẹ́ta bẹ́ ládùúgbò.

Wọ́n ní ẹ̀rọ máa tún yẹ ìka wò lọ́jọ́ ìdìbò, torí náà èmi ni mò ń fọṣọ títí ọjọ́ náà fi dé. Ẹ̀gbọ́n mi wá orúkọ ẹ̀ lára ògiri, ó rí i, ó tún padà lọ wò ó. Ẹ̀rọ ka ìka ẹ̀, wọ́n fún un níwèé, ó wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, ó tẹ̀ka, ó ká a, ó sọ ọ́ sínú àpótí.

"Àǹtí mi, ta lẹ dì í fún?"

"Èwo ló kàn ọ́ níbẹ̀?"

Nígbà tá a délé, ó ká apá ẹ̀wù ẹ̀ sókè, ó ri ọwọ́ méjèèjì bọ omi ọṣẹ dé ìgúnpá.

"Ó yá, kó aṣọ wá. O ti ba ti ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́."