Ẹ̀bẹ̀ Tí Nehemiah Ń Retí

Òrìṣà jẹ́ n pé méjì, kò dénú obìnrin: bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Wọn ì bá fi àwọn olùkọ́ ọkùnrin kún un, pàápàá èyí tó ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Láti ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Òṣogbo ti mú Ìwàlẹwà Dúrósinmí wá láti bá Nehemiah Ògúndélé pín iṣẹ́ Òfin Okòwò, orogún ni Nehemiah rí, kò rí alábàáṣiṣẹ́.

Iṣẹ́ ọ̀hún, òun ló ni ín tẹ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ ìṣirò owó, okòwò àti ètò ọrọ̀ ajé kì í ṣe lọ́yà, wọn kò sì ní di lọ́yà, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ìwọ̀nba òfin tí kò ní jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ti ara wọn sínú wàhálà: kí ni àdéhùn, ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ ẹnu di àdéhùn, ìgbà wo ni èèyàn ṣì lè yí ohùn padà. Láàárọ̀ ni Nehemiah ń wọ takisí láti Iléṣà, pẹ̀lú ìwé kan tí etí rẹ̀ ti ká pátápátá lábíyá. Á ka ẹjọ́ àwọn Òyìnbó ayé àtijọ́ sókè, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á tòògbé díẹ̀, wọ́n á sì yege. Kò sẹ́ni tó ráhùn.

Ìwàlẹwà wá dé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ọmọ agboolé kan ní Òkè-Baálẹ̀, lọ́yà tó ní ọ́fíìsì ní Òkè Fìà, tó ń wọ kóòtù lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Nehemiah náà ka òfin o, ṣùgbọ́n kóòtù kan ṣoṣo tó wọ̀ rí láyé rẹ̀ ni èyí tó ti lọ búra fún ìwé ọjọ́ orí. Wọ́n pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí kíláàsì méjì. Kò pé oṣù kan tí àwọn tó wà lọ́dọ̀ Nehemiah fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ lọ sọ́dọ̀ ìyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ewúrẹ́ tó gbóòórùn èèpo iṣu.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, Nehemiah lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kíláàsì Ìwàlẹwà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ibòji lòun ń wá. Nínú kíláàsì, apẹ̀rẹ̀ obì kan wà lórí tábìlì. Tiwalolúwa, ọmọ àwọn olóko obì ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, ló ń ṣe ọlọ́jà. Tóbilọ́ba ló ń ṣe oníbàárà.

"Ẹgbẹ̀rún méjì ni màá san," ni Tóbilọ́ba wí.

"Mú owó wá!" Tiwalolúwa ò tilẹ̀ jẹ́ kó mí.

Tóbilọ́ba rẹ́rìn-ín, ó ní òun kàn ń béèrè ni, òun ò rà á mọ́. Ni gbogbo kíláàsì bá pariwo lé e lórí: "O ti ná an! Ó ti gbà fún ẹ! O gbọ́dọ̀ rà á!"

"Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀?" Ìwàlẹwà béèrè.

"Ìyá wa ni, mà!"

"Ìyá yín ti bá mi kọ́ yín ní ìdajì iṣẹ́. Ẹni tó dárúkọ iye, òun ló fi ọ̀rọ̀ lọni. Ẹni tó ní 'mú owó wá', òun ló gbà. Ìgbà wo ni Tóbilọ́ba ì bá ti yí ohùn padà?"

"Kí Tiwa tó gbà á!"

Nehemiah tẹ́tí bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Àṣìṣe kan péré ló ń wá, kékeré bó ti wù kó rí, èyí tí yóò mú lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka. Kò rí. Gbogbo ohun tí Ìwàlẹwà sọ ló tọ̀nà, àti pé ohun tí òun fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ wọn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìyẹn fi ṣe é. Owú jẹ ẹ́ lọ́jọ́ náà débi pé itọ́ ẹnu rẹ̀ korò.

Ọláfúnkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ṣàkíyèsí i nídìí oúnjẹ alẹ́. "Bàbá Ìdùnnú, kí lọmọ yẹn tilẹ̀ fi ṣe yín? Ṣé ó rí yín fín ni?"

"Kò rí mi fín."

"Àbí kì í kí yín ni?"

"Ó ń kúnlẹ̀ kí mi."

"Kí wá ni ti uṣẹ́ ẹni ẹlẹ́ni tẹ́ ẹ gbé wọ ulé, tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ jẹun?"

Nehemiah ti abọ́ sẹ́yìn. Ká ní ọmọ náà tiẹ̀ jẹ́ aláfojúdi ni, ara ì bá tù ú.

Ó wá di Ọjọ́bọ̀. Ọ̀mọ̀wé Susannah Ọláìtán, ọ̀gá ẹ̀ka, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Màmá, sọ nípàdé pé ẹ̀ka fẹ́ tẹ ìwé Òfin Okòwò tirẹ̀ jáde, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ yóò máa lò. Ó ní Ìwàlẹwà ni yóò kọ ọ́. Ó tún rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní Ọ̀gbẹ́ni Ògúndélé yóò máa ràn án lọ́wọ́.

Ràn án lọ́wọ́! Etí Nehemiah di. Kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ lẹ́yìn ìyẹn. Bí ìpàdé ti tú, ó jókòó, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà, ó sì kọ ọ́ bí amòfin: "Mo fi lọ ẹ̀ka yìí pé kí n yọwọ́yọsẹ̀ nínú iṣẹ́ Òfin Okòwò. Bí ẹ bá gbà, ẹ fi èsì ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ póòsì, sí àpótí mi ní Iléṣà." Ó fún Olúwatóyìn, akọ̀wé Màmá, ó sì fi ìbínú sọ̀kalẹ̀ àtẹ̀gùn.

Kò ní in lọ́kàn láti lọ o. Ta ni kò mọ̀ pé tí àgbà bá sọ ẹrù kalẹ̀ nílẹ̀ wa, kò sọ pé òun ò rù ú mọ́? Ẹ wá bẹ̀ mí ló ń wí. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, Ẹkúndayọ̀ tó ń kọ́ni ní ìṣirò kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di Sátidé, èèyàn márùn-ún gbé mọ́ọ̀tì àti búrẹ́dì lọ sílé rẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀, Ẹkúndayọ̀ sì ní òun gbà nítorí Ọlọ́run. Nehemiah wà lára àwọn tó dọ̀bálẹ̀. Láti ìgbà náà ni Ẹkúndayọ̀ ti ń fi èjìká rìn.

Nítorí náà, nígbà tó di Sátidé, Nehemiah ní kí wọ́n gbá pálọ̀, kí wọ́n nu fáànù. Ó wọ bùbá àti ṣòkòtò tó fi ń lọ sí ọdún ìkórè. Ó ti ṣètò rẹ̀ lọ́kàn: yóò kọ̀ lẹ́ẹ̀kíní, yóò kọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tí wọ́n bá tún dọ̀bálẹ̀ yóò gbà, ṣùgbọ́n òun ni yóò kọ ìwé náà. Mọ́tò kan kọjá, òmíràn kọjá. Kò sí èyí tó dúró. Lọ́jọ́ Àìkú, kò dúró kí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn ìsìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì wọn, ilé ló sáré lọ.

"Ta là ń retí?" ni Ọláfúnkẹ́ béèrè.

"A ò retí ẹnì kankan."

Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìbínú ti tán nínú rẹ̀, ẹ̀rù ló kù. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Kí ni òun yóò máa ṣe láàárọ̀ ọjọ́ Ajé? Ó rántí òfin tòun fúnra rẹ̀: ẹni tó fi ọ̀rọ̀ lọni lè fà á padà, kí ẹnìkejì tó gbà á. Láàárọ̀ kùtù ló ti wọ takisí, ó sọ̀kalẹ̀ ní Òkè Fìà, ó gun ọ̀kadà dé ilé-ẹ̀kọ́.

"Olúwatóyìn, mo fẹ́ gba lẹ́tà mi padà."

Akọ̀wé náà kò lè wo ojú rẹ̀. "Sà, Màmá ti fèsì láti ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n ní àwọn gbà. Mo ti lọ fi ránṣẹ́."

"Kò tíì dé ọwọ́ mi!"

Olúwatóyìn ṣí fáìlì, ó yọ rìsíìtì kékeré kan tí òǹtẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ wà lára rẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì yín, sà. Ẹ ní tó bá jẹ́ póòsì ni ẹni náà ní ká fi gbà á, ọjọ́ tí lẹ́tà wọ póòsì lọ̀rọ̀ ti parí, ì báà dé ọwọ́ rẹ̀, ì báà má dé."

Òótọ́ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni Nehemiah ti fi í ṣe ìbéèrè ìdánwò, kò sì fún ẹnikẹ́ni tó ṣì í ní máàkì kan ṣoṣo. Ó di etí tábìlì mú.

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ wá bẹ̀ mí?"

"Màmá ní bí àwọn ṣe bẹ Ọ̀gbẹ́ni Ẹkúndayọ̀ lọ́jọ́sí, oṣù mẹ́ta ò pé tí wọ́n tún kọ lẹ́tà mìíràn, pé àwọn ò bẹ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹnì kan ló bẹ̀bẹ̀ nítorí yín, sà."

Ọkàn Nehemiah fò sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀ka. "Ta ni?"

"Bárístà Dúrósinmí ni. Wọ́n kúnlẹ̀ síwájú Màmá títí, wọ́n ní kí n má tíì mú lẹ́tà náà lọ, kí gbogbo wa kó ara wa wá sí Iléṣà. Wọ́n ní àwọn ò kọ ìwé kankan tí ẹ̀yin ò bá sí níbẹ̀. Màmá ò gbà."

Nehemiah jáde. Ì bá sàn fún un ká ní wọ́n sọ pé kò sẹ́nì kankan. Ohun kan ṣoṣo tó rò pé òun ṣì fi ju ọmọ yìí lọ ni ìwà àgbà, àtìyẹn náà ti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ náà. Owú náà ò kúrò o. Ó tún wọlé jinlẹ̀ sí i ni.

Ìwàlẹwà rí i láti ọ̀ọ́kán, ó sáré wá, ó fi orúnkún méjèèjì lu sìmẹ́ǹtì. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Bí mo bá ti ṣẹ̀ yín..."

"O ò ṣẹ̀ mí. Dìde." Kò dìde. Nehemiah wo orí ọmọ náà tó tẹ̀ síwájú òun, òótọ́ sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Ìwàlẹwà, tó bá jẹ́ ìwọ lo kọ lẹ́tà yẹn, n kì bá tí bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ. Inú mi ì bá dùn."

"Mo mọ̀, sà," ni ó wí, ó sì dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀.