Ẹni Tó Sá Lójú Ọ̀nà

Inú ń bí obìnrin tó ń rán tapólì. Ìbòrí ọkọ̀ akẹ́rù ló ń rán, ó sì ń ti abẹ́rẹ́ bọ aṣọ líle náà bí ẹni pé aṣọ ló ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló jókòó tì í, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n tún mú ọmọ òun lọ síbi ìrìn àjò ìwàásù tó ń bọ̀.

Ọmọ ọ̀hún kì í ṣe ọmọdé. Onígbàjámọ̀ ni, ó ti dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní. Òun ló wa ọkọ̀ ìjọ gbé àwọn obìnrin méjèèjì lọ lọ́dún tó kọjá. Wọn ò tíì wàásù dé ìdajì tí àwọn ará ìlú kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òkò. Kí wọ́n tó kó Bíbélì wọn nílẹ̀, onígbàjámọ̀ ti wa ọkọ̀ sá lọ. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn jáde nínú òjò. Òkò kan ti ba aránṣọ lórúnkún, títí di òní, tó bá ń gun àtẹ̀gùn, ògiri ló ń dì mú. Ẹsẹ̀yá ló wá ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ látìgbà náà, kò sì fẹ́ rí i sójú.

Nọ́ọ̀sì ní ojú ti ti ọmọ náà tó. Aránṣọ gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, nígbà tí Máàkù padà lẹ́yìn Pọ́ọ̀lù, ṣé Pọ́ọ̀lù gbà kó tún tẹ̀ lé òun?"

"Bánábà gbà á. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù sì wà lẹ́wọ̀n, ta ló ní kí wọ́n mú wá bá òun? Máàkù yìí kan náà."

"Ọdún mélòó ló ti kọjá kó tó ránṣẹ́ pè é? Ẹ jẹ́ kí n lo tèmi."

Ọ̀rọ̀ di iṣu ata yán-an-yàn-an. Aránṣọ ní abiyamọ tó bí ọ̀dàlẹ̀ kì í mọ̀ pé ọ̀dàlẹ̀ lòun bí. Nọ́ọ̀sì dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó sì jáde láìwẹ̀yìn. Àwọn tó jọ ń jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré ò kí ara wọn mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Báyìí ni ìrìn àjò kan ṣe di méjì. Nọ́ọ̀sì àti ọmọ rẹ̀ gba ọ̀nà òkè. Aránṣọ mú tíṣà kan, wọ́n gba ìhà odò lọ. Ibi tí aránṣọ ti ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù ni ìyá àgbà kan ti bi í léèrè pé, lẹ́yìn ìjà tí wọ́n jà nítorí Máàkù, ṣé Pọ́ọ̀lù àti Bánábà tún fojú kan ara wọn?

Aránṣọ ṣí Bíbélì rẹ̀, ó wá a. Pọ́ọ̀lù dárúkọ Bánábà dáadáa nínú lẹ́tà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn méjèèjì tún jókòó pọ̀. Inú bí i sí ìyá àgbà. Inú bí i sí Ẹsẹ̀yá. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ gan-an ló ń bínú sí.

Bó ṣe dé láti ìrìn àjò, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló kọrí sí. Oníbàárà kan wà lórí àga, wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀.

"Kí ló dé tó o fi sá?"

"Ẹ̀rù ló bà mí, àǹtí. Mi ò ní àwáwí."

Àwáwí gan-an ni aránṣọ ti ń dúró dè. Gbogbo rẹ̀ ló ti wá èsì fún. Ó bú u síbẹ̀, ó ní ṣé ó rò pé ẹ̀rù ò ba àwọn ni. Onígbàjámọ̀ ò jampata. Ó wá sọ pé ìlú tí wọ́n ti sọ òkò yẹn gan-an lòun àti màmá òun tún lọ.

"Wọ́n tún lé wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn màmá mi ni mo wà títí a fi jáde."

Aránṣọ ní, "Ìbínú mi ò tíì tán o. Má rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n bá mi dé ọ̀dọ̀ ìyá ẹ."

Oníbàárà bi wọ́n pé orí òun ńkọ́. Aránṣọ fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó dúró títí wọ́n fi fá a tán.

Nọ́ọ̀sì ló ṣílẹ̀kùn. Aránṣọ kúnlẹ̀ tòun ti orúnkún tó ń dùn ún, ó ní ọ̀rọ̀ tóun sọ sí abiyamọ ò dáa. Nọ́ọ̀sì ò tètè gbé e dìde. Ó kọ́kọ́ bínú sí i dáadáa lẹ́nu ọ̀nà, ó sọ gbogbo ohun tó ti ń gbé mì látọjọ́ yìí, àbúrò rẹ̀ sì gbọ́ ọ tán. Lẹ́yìn náà ló ní kó wọlé.