Ilẹ̀kùn Tó Ń Há Nísàlẹ̀

Orúnkún mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ rí bàbá mi. Ó ké sí mi láti abẹ́ ìró, ó ní, "Ìyá Ìbíwùmí, káfíńtà dé o!"

Mo wo iwájú, òótọ́ ni. Bàbá mi, tó ti kú láti ọdún mọ́kànlá, dúró síwájú ilẹ̀kùn yàrá mi, ó fi pẹ́ńsùlù há etí, ó ń fi ọwọ́ tẹ igi wò. Inú mi dùn débi pé ẹ̀rín ń já bọ́ lẹ́nu mi sílẹ̀, mo sì ń ṣà á sínú abọ́.

Kò wò mí. Nílé wa, ọmọ tó bá dúró kí bàbá mi, ògiri ló kí. Ìgbà tí orúnkún méjèèjì bá kan ilẹ̀ ló tó ń dáhùn, oríkì ọmọ náà ló sì fi ń dáhùn. Àwẹ̀ró ni tèmi. Láti ọjọ́ tó ti kú, ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, etí mi sì ń fẹ́ gbọ́ ọ bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. Ó sọ fún òòlù rẹ̀ pé ilẹ̀kùn làwọn wá tún ṣe, bí àwọn bá ti ṣe tán, àwọn ń lọ.

Mo fẹ́ kúnlẹ̀. Orúnkún ọ̀tún yà sínú, ó lọ forí gbá èkejì, ó há síbẹ̀. Mo ké.

Agolo òrí jáde lábẹ́ ibùsùn, ó ń tọrọ àforíjì. Ọdún méjì ni mo ti ń fi í ra orúnkún yẹn ní àràárọ̀. "Mo ti sa ipá mi," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Orúnkún ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Èmi ni wọ́n ń nà, èmi kọ́ ni mo jalè."

Yàrá náà gùn, ó di ìsọ̀ bàbá mi. Ilẹ̀kùn mi wà níbẹ̀ lórí tábìlì. Ó pẹ́ tó ti ń há nísàlẹ̀, èmi fúnra mi ni mo sì ní kí wọ́n máa fá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń fá a, lọ́dọọdún ló ń padà há. Ó ti kúrú débi pé adìyẹ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Bàbá mi ń fi híńjì òkè rẹ́rìn-ín, irin tó so ilẹ̀kùn mọ́ férémù. Gbogbo ìṣó ibẹ̀ ló ti dẹ̀.

"Amúkùn-ún ní kí wọ́n wo ìsàlẹ̀," ló sọ fún òòlù. "Èmi ní kí wọ́n wo òkè."

Ó mú okùn tó so irin mọ́ nídìí, èyí tó fi ń mọ̀ bí igi bá dúró gún, ó fi í kọ́ mi ní ìbàdí. Ó yẹ kí okùn náà gba àárín orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ìta ló gbà, nítorí orúnkún ti yẹ̀ sínú. Mo tẹ ìbàdí mi wò, ó ń mì bíi híńjì yẹn gan-an. Òkè ni! Òkè ló ti dẹ̀! Mo dì mọ́ agolo òrí, àwa méjèèjì ń fò sókè.

Mo gun tábìlì, mo fi ẹ̀gbẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹsẹ̀ mi di ilẹ̀kùn. Mo gbé e sókè, mo sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́, mo tún gbé e. Ìgbàkígbà tó bá ṣí, atẹ́gùn oko ń fẹ́ wọlé. Ewúrẹ́ kan gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, kò kí ẹnikẹ́ni. Oòrùn yọ, ó wọ̀, ó tún yọ. Ìdí ń ta mí bí iná, mo ń rẹ́rìn-ín, ìṣó kọ̀ọ̀kan sì ń wọ ìbàdí mi, kọ́, kọ́, kọ́.

Bàbá mi ti ń kó irinṣẹ́ sápò. Mo sáré bọ́ sílẹ̀. Orúnkún dúró gún lókè ẹsẹ̀, kò yà. Mo kúnlẹ̀, ọ̀tún àti òsì kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá mi."

Ó gbé òòlù sílẹ̀. Ó wò mí, ó la ẹnu.

Mo jí. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà, lórí sìmẹ́ńtì tútù. Ìdí ló ń ta mí, kì í ṣe orúnkún. Ìbíwùmí ọmọ mi ti ilẹ̀kùn wọlé, ilẹ̀kùn náà kò há mọ́.

"Màámi," ó ní, "ta ni Àwẹ̀ró? Bàbá kan ń pè é níta."