Ohun Tí Kìtán Fi Ọ̀dà Bò

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn wẹ́dà Àkúrẹ́, àwọn tó ń jórin, máa ń pé jọ sí ṣọ́ọ̀bù Nímọ́tà lọ́nà Ìjàrẹ́. Oníkálukú á mú irin méjì tó jó pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ wá. Kò gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ fáìlì ha á kó dán, kò sì gbọdọ̀ kùn ún. Nímọ́tà á há a mọ́ fáìsì, irin tó ń di nǹkan mú, á gbé òòlù, á máa gbá a títí á fi ṣẹ́, tàbí títí á fi tẹ̀ mọ́ ara rẹ̀. Bó bá ṣẹ́, gbogbo orí á kóra jọ síbi tó ti ṣẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹni tó ni ín ṣe yẹ̀yẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọ ohun tó fà á fún un, wọ́n á ní kó jó òmíràn níbẹ̀ lójú àwọn.

Ọdún mẹ́fà ni Kìtán ti ń wá síbẹ̀. Kò mú irin wá rí.

"Iná ò sí lọ́sẹ̀ yìí," ni á wí. Tàbí, "Mo gbàgbé ẹ sórí bẹ́ǹṣì." Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń dúró sí, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá mú. Wọ́n ti sọ ọ́ ní Alága Ẹnu Ọ̀nà. Ó máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín sí i, àmọ́ ẹ̀rín náà kì í dé inú.

Kì í ṣe pé iṣẹ́ rẹ̀ burú lójú. Géètì tó bá ṣe máa ń dán. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ìwé mẹ́fà ló kà kó tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan ní Oǹdó, òun àti Silas ọ̀rẹ́ rẹ̀. Lóṣù karùn-ún tó wọṣẹ́, ọ̀gá yẹn pe gbogbo àdúgbò jáde wá wo irin tó jó. "Ẹ wá wo ìgbẹ́ adìyẹ!" Àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀ dúró. Ọmọbìnrin kan tí ọkàn Kìtán wà lọ́dọ̀ rẹ̀ dúró pẹ̀lú wọn. Láti ọjọ́ yẹn ni Kìtán ti kọ́ ohun kan tí ọ̀gá ò kọ́ ọ. Bó bá ti jórin tán, kó tó gbójú sókè, ẹ̀rọ fáìlì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Á ha ibẹ̀ títí á fi tẹ́jú. Á fi bọ́dì fílà dí ihò. Á kùn ún. Ta ló máa rí i?

Silas ò ní ìtìjú ní tirẹ̀. Oǹdó ló ti ń ṣiṣẹ́, á sì wọkọ̀ wá sí Àkúrẹ́ lóṣooṣù tòun ti irin nínú báàgì. "Ẹ bá mi wò ó o, mo mọ̀ pé mo ti ba nǹkan jẹ́!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn. Ìyẹn lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Nísinsìnyí, wọn kì í rí nǹkan fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Lóṣù kẹta ọdún yìí, ọkùnrin kan láti Ìjàrẹ́ mú irin áńgù méjì tó nípọn, tó jó pọ̀, wá. Òòlù ẹyọ kan, ó ṣẹ́. Nímọ́tà gbé e sójú oòrùn.

"Ẹ wò ó. Kò wọnú rárá. Iná ló kéré. Irin tó bá nípọn báyìí, bẹ́ ẹ bá fi iná kékeré jó o, á kàn lẹ̀ mọ́ ojú lásán ni. Ẹ wá gbé nǹkan tó wúwo lé e. Ọjọ́ tó bá máa já, kò ní sọ fún yín."

Kìtán gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà. 

Irú áńgù yẹn gan-an ló fi ṣe sítáńdì táńkì omi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yéjídé, ní Oǹdó, lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹsẹ̀ mẹ́rin, táńkì ńlá lórí. Ọ̀dà àwọ̀ ewé ló fi kùn ún, ẹ̀gbọ́n sì fi ìdùnnú jó yí i ká. Opó ni Yéjídé, òun nìkan ló ń gbé ilé náà, abẹ́ táńkì yẹn ló sì máa ń jókòó sí lọ́sàn-án nítorí ibòji.

Ní Mọ́ńdè, Kìtán ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ra. Ó gé áńgù méjì, ó jó wọn pọ̀ bó ṣe máa ń jó o. Nọ́mbà iná ẹ̀rọ rẹ̀ kì í kúrò lójú kan. Nígbà kan rí, ó fi iná ńlá lu ihò sára ilẹ̀kùn oníbàárà kan. Ẹ̀rù bà á, ó yí i wálẹ̀, kò sì yí i sókè mọ́ láti ìgbà náà. Ó há irin náà. Ó gbá a lẹ́ẹ̀kan.

Ó ṣẹ́.

Ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúulé o. Ṣé... ṣé omi ń yọ?"

"Ó ń yọ o, àbúrò mi. Ó ń yọ dáadáa."

"Ẹ má jókòó sábẹ́ táńkì yẹn mọ́ o."

"Kí ló dé?"

"Oòrùn ni. Oòrùn máa ń mú irin gbóná."

"Ìwọ náà! Ọdún méjì rèé o ò dé ibí, oòrùn ibí lo wá ń rí láti Àkúrẹ́."

Lóòótọ́ ni, ọdún méjì. Ara rẹ̀ ti ń sọ fún un tipẹ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ẹsẹ̀ sítáńdì náà, oúnjẹ kì í lọ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ni kò fi lọ mọ́.

Ó yẹ kó wọkọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè yẹn. Kò lọ. Iwájú ilé náà ni Silas ń gbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú u, Silas á yà, Silas á rí i. Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Bí fóònù bá ti dún, á kọ́kọ́ wò ó bóyá láti Oǹdó ni.

Sátidé oṣù kẹrin pé. Ó fi ọ̀rá dúdú wé irin tó ṣẹ́ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọjá ẹnu ọ̀nà.

"Háà! Alága ti wọlé!" Nímọ́tà nìyẹn. Kìtán fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù ú lọ. "Bàbá Tolúwalọpẹ́, kí ló wà nínú ọ̀rá? Ṣé kì í ṣe ẹja lẹ rà fún wa?"

"Ó... ó ti ṣẹ́ ná," Kìtán wí. "Èmi ni mo jó o. Báyìí ni mo ṣe máa ń jó o."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gùn. Ẹnì kan ní áńgù ọ̀hún ò tíì gbọ́ rárá pé wọ́n jó òun. Kìtán ń wolẹ̀, ó ń retí ìgbà tí wọ́n máa pe ará àdúgbò. Wọn ò pe ẹnì kankan. Nímọ́tà gbé irin náà sójú oòrùn.

"Nọ́mbà wo lẹ fi iná sí?"

Ó sọ fún un.

"Fún áńgù yìí?" Nímọ́tà fa ẹ̀rọ tirẹ̀ wá, ó yí i sókè. "Ó yá, ẹ jó o. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má sá fún un, kò ní bù yín jẹ."

Èkíní ṣẹ́. Èkejì ṣẹ́, àmọ́ ó pẹ́. Ìkẹta tẹ̀ kó tó ṣẹ́. Ìkẹrin tẹ̀ títí ó fi dà bí ẹni tó kúnlẹ̀, òòlù ń ró lórí rẹ̀, kò já. Àwọn wẹ́dà hó yèè. Silas gbá a lẹ́yìn.

Kìtán jókòó sórí táyà kan. Gbogbo rẹ̀ ò tó wákàtí kan. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ló ti ń jórin, ọdún mẹ́fà ló fi dúró lẹ́nu ọ̀nà yìí, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ní fún un kò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ.

Silas bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Kìtán. Ta lo fi iná kékeré yẹn ṣiṣẹ́ fún?"

"Ẹ̀gbọ́n mi. Táńkì yẹn."

Ẹ̀rín kúrò lójú Silas. "Dìde. Ó yá, ká máa lọ."

Ìgbà tí wọ́n dé Oǹdó, oòrùn ṣì wà lókè. Láti ojú ọ̀nà, Kìtán rí i pé sítáńdì náà ṣì dúró. Ó mí kanlẹ̀. Ìgbà tó sún mọ́ ọn ló rí i pé okùn ni wọ́n fi so ẹsẹ̀ méjì, tí wọ́n sì fi ọparun ti ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó gbá táńkì. Òfìfo ni.

Yéjídé jáde síta, ó gbé korobá omi dání lọ́wọ́ ọ̀tún. Ọlọ́wọ́ òsì ni láti kékeré. Ọwọ́ òsì ọ̀hún rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọrùn ọwọ́ ti wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe yín lọ́wọ́?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí ẹ̀gbọ́n nìyẹn? Ẹ káàbọ̀."

"Ọwọ́ yín, mo ní."

"Etí kànga ló ti yọ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, lásìkò òjò tó kọjá. Ó ti san."

"Kí lẹ wá lọ sí kànga? Ẹ ní omi ń yọ."

Yéjídé gbé korobá kalẹ̀. Ó wo Silas, ó rẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé Silas ò ní gbọ́. "Kò pẹ́ tó o wá kẹ́yìn ni ojú ibi tó o jó lára ẹsẹ̀ ẹ̀ là. Mo bá tú omi inú táńkì dànù."

"Ẹ ò sì pè mí?"

"Kí n pè ẹ́ kí n ní kí ni? Silas ń gba ibí kọjá lójoojúmọ́, mo lè pè é. Mo ní bí mo bá pe wẹ́dà míì wá tú iṣẹ́ àbúrò mi, ojú á tì ẹ́ láàárín ẹgbẹ́ ẹ. Mo mọ̀ ẹ́ láti kékeré. O ò fẹ́ kí wọ́n máa wo iṣẹ́ ẹ."

Kìtán gbé korobá náà wọlé fún un. 

Silas ti lọ gbé ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀ wá. Wọ́n sọ táńkì kalẹ̀, wọ́n ha ọ̀dà kúrò. Bọ́dì fílà ń dà sílẹ̀ bí ẹ̀lùbọ́, ihò abẹ́ rẹ̀ sì ń yọjú lọ́kọ̀ọ̀kan. Yéjídé dúró, ó ń wò ó.  Silas na ẹnu ìjórin sí Kìtán. "Ìwọ lo máa jó o."

Ó jó o. Ìgbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ fáìlì. Ó fà á padà. Ó ya fọ́tò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi sórí Wọ́sáàpù ẹgbẹ́, ó sì kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: Èmi Kìtán ni mo jó o. Ẹ bá mi wò ó.

Kò pẹ́ tí ohùn Nímọ́tà fi wọlé. "Mẹ́ta dáa. Ẹsẹ̀ tó wà lápá ògiri yẹn, ẹ ti sáré jù. Ẹ gé e, ẹ tún un jó."

Silas bú sẹ́rìn-ín. Kìtán gé e, ó tún un jó.

"Ṣé o ò ní kùn ún ni?" Yéjídé bi í.

"Màá kùn ún lọ́la, kó má dípẹtà. Kí àwọn tó ń kọjá kọ́kọ́ wò ó ná."

Wọ́n gbé táńkì padà sókè, wọ́n tan ẹ̀rọ tó ń fa omi láti inú kànga. Ó kún dé ìdajì, ó kún tán. Irin ò dún. Yéjídé mú abọ́ kan, ó lọ síbi ẹnu ẹ̀rọ omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọwọ́ òsì ló nà sí i, bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn ìka yí i ká, wọn ò lè dì í mú.  Ó wá gbé abọ́ sílẹ̀, ó fi ọ̀tún ṣí i.

"Ó ń yọ," ó wí fún àbúrò rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó ń yọ dáadáa."

Kìtán gbé abọ́ náà nílẹ̀, ó bá a gbé e sábẹ́ omi. Kò lè wo ojú rẹ̀.