Ẹran Tó Ń Yọ Lẹ́nu Mi

Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti Misbaudeen, ìyá wa ló yàtọ̀. Láti ìgbà tó ti gba yàrá tó kọjú sí títì nílé wa ní Bẹ́yẹrúnká, yàrá tí bàbá wa ní kí n máa gbé, n kò jẹun rẹ̀ mọ́. Bí ó bá fi ẹran Iléyá ránṣẹ́, mo máa ń dá a padà. Lọ́dún yìí, Kúlúsúmù ìyàwó mi sè é mọ́ tiwa, ìgbà tí mo jẹ ẹ́ tán ló tó sọ fún mi.

Kò pẹ́ sí i, ikọ́ gbé mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ, níbi tí mo ti ń tún ẹ̀rọ ìlọta ṣe. Nǹkan pupa kan yọ jáde láti ọ̀fun mi, ó gùn bí ìka. Mo rò pé ahọ́n mi ló já. Mo fọwọ́ kan ahọ́n, ó wà níbẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti gbé nǹkan ọ̀hún mì padà.

Bí egungun ẹja bá há wa lọ́fun, òkèlè ẹ̀bà líle la fi ń tì í lọ. Ohun tí mo ṣe nìyẹn nígbà tí mo délé. Ó jọ pé ó lọ, àfìgbà tó tún yọ níṣojú Kúlúsúmù.

"Bàbá Hikmat, kí lẹ jẹ?"

"Ohun tí o sè ni mo jẹ. Ẹran Misbau ló ń hù nínú mi."

"Gbogbo wa la jẹ ẹ́. Tèmi dà?"



Òun ló fà mí lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ ọ̀fun mi. Dókítà Hilda, ọ̀dọ́bìnrin kan, ní kókó ẹran ni, pé òkè ọ̀nà ọ̀fun ló so mọ́, tó wá gùn wọnú ọ̀nà oúnjẹ.

"Kì í ṣe jẹjẹrẹ, Bàbá. Ọ̀rá ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kì í wọ́pọ̀, inú ìwé nìkan lèmi náà ti rí i."

"Ta ló fi síbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó fi síbẹ̀. Ó hù ni."

"Láti Iléyá?"

"Bó ṣe tóbi yìí, ó lè ti tó ọdún mẹ́wàá."

Nígbà yẹn, bàbá wa ṣì wà láyé, abọ́ kan lèmi àti Misbau fi ń jẹun. Ṣé ìgbà tí a fẹ́ràn ara wa ni Misbau ti fi í sí mi lọ́fun, àbí kò ṣe nǹkan kan? Méjèèjì ò yé mi.

Dókítà ní bó bá yọ tó sì dí ọ̀nà èémí, mo lè kú, pé kí ẹbí wá fún mi lẹ́jẹ̀ kí wọ́n lè gé e. Ẹ̀jẹ̀ Kúlúsúmù kò bá tèmi mu. Ìyàwó mi pe Misbau láìbi mí léèrè. Misbau dé láti Ọjà'ba, ó ti ká apá aṣọ sókè.

"Mi ò gba ẹ̀jẹ̀ ẹni tó fẹ́ pa mí."

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá fẹ́ pa yín, ṣé màá gun ọ̀kadà wá síbí? Màá kàn jókòó sílé ni."

"Yàrá mi ńkọ́?"

"Ẹ kọ́kọ́ wà láàyè ná. Òkú kì í sùn sí yàrá."

Bí mo ṣe fẹ́ bú u, ikọ́ gbé mi, nǹkan náà yọ jáde, ó sì dí mi léèémí. Mo tiraka títí mo fi gbé e mì. Mo wo ojú Misbau, mò ń wá ojú ẹni tó rí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń gbọ̀n jù mí lọ.

"Dókítà," mo ní, "ẹ gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀."

Nígbà tí mo jí, wọ́n ti gé e. Wọ́n ní n kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Misbau sùn lọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, òwú ṣì wà lápá rẹ̀. Mo fẹ́ bínú sí i, n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀. Mo juwọ́ sí nọ́ọ̀sì pé kó jí i, kó lè lọ jẹun.